Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Ó Ń Tú Àṣírí Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1957, nígbà tí Uganda ṣì wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, àgbà oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Hugh Trowell ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala ránṣẹ́ pe Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Ireland, pé kí ó wá wo ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lókè, tí ó wú nísàlẹ̀, tí ó wú lọ́tùn-ún lósì, tí eyín sì ń mì lẹ́nu rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni Burkitt ní, nítorí ìjàǹbá ti gba èkejì lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kan náà rí, ọ̀pọ̀ olójú méjì ti wò ó kọjá. Kò pẹ́ tí ó tún fi rí irú wíwú bẹ́ẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọdébìnrin kan ní Jinja, tí kókó sì wà nínú ikùn ọmọ náà. Nígbà náà ni ó fura pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àwọn tí ń yẹ ẹran ara wò ni ó wá fi hàn pé kì í ṣe àrùn egungun rárá: àwọn ọmọ-ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí Elédùmarè fi ṣọ́ ara, ni ó ṣọ̀tẹ̀ sí ara, tí wọ́n sì di jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ tí ń yára dàgbà tó èyí kò pọ̀, nítorí ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí náà, bí eyín ẹ̀yìn ọmọdé bá ń mì nígbà tí àsìkò àtipààrọ̀ rẹ̀ kò tí ì tó, tí àwòrán X-ray sì fi hàn pé ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń yí gbòǹgbò eyín ká ti pòórá, oníṣègùn tí ó bá kàn yọ eyín náà, tí ó ní kí ọmọ máa lọ sílé, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ní 1964, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Epstein, Achong àti Barr, rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí tí a fi ránṣẹ́ láti Kampala sí London. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri láìní àrùn. Àmọ́ níbi tí ibà ẹ̀fọn ti ń ṣe ọmọdé lemọ́lemọ́, agbára ara láti ká a lọ́wọ́ kò a máa dínkù. Abájọ tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí ibà náà ti wọ́pọ̀, fi mọ jẹjẹrẹ yìí bí ẹní mowó.

Ẹ̀rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan kò tó dájọ́, dandan ni kí a gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí a sì yẹ mùdùnmúdùn egungun àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò, kí a lè mọ ibi tí ó tàn dé. Lẹ́yìn èyí, oògùn ni, kì í ṣe ọ̀bẹ. Burkitt fúnra rẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ó sì rí àwọn ọmọ kan tí wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ lẹ́yìn ìwọ̀n oògùn díẹ̀.