Kí Ni Kí Aboyún Kọ́kọ́ Rà?

Owó kì í pọ̀ jù nílé tí a ti ń retí ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin, kí aṣọ ọmọ tuntun tó kún àpótí, ẹ ro ti ara ìyá tó gbé oyún.

Ìrọ̀rí ni mo fi ṣáájú. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni kí aboyún máa fi sùn, kì í ṣe ẹ̀yìn, nítorí ilé-ọmọ tó ti wúwo a máa tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ẹ fi ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún, òmíràn sábẹ́ ikùn. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹ̀yìn lẹ fi sùn, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kàn yí padà ni.

Bàtà pẹlẹbẹ tó fi díẹ̀ tóbi ló kàn, torí ẹsẹ̀ a máa wú nírọ̀lẹ́. (Bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, tí orí sì ń fọ́ yín gidigidi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà mọ́; ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.) Gogoro lè dúró de ọjọ́ ìkómọ.

Ẹ̀yin ọkọ, àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ńkọ́? Ibà lè ṣe ìyá àti ọmọ inú lọ́ṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀ níbi ìtọ́jú aboyún. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni níbòmíràn.