Wọ́n Ní Àwọn Yóò Ṣiṣẹ́ Lọ́fẹ̀ẹ́, Aláṣẹ Kọ̀

Bí ènìyàn bá lọ bá onílé tí ó sọ fún un pé, "Má san nǹkan kan fún mi, jẹ́ kí n máa bá ọ ṣílẹ̀kùn, kí n máa bá ọ gbálẹ̀," tí onílé sì ní òun kò fẹ́, kí ni ẹ ó rò sí i? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní Kensal Rise, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀n, lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú Brent. Ìgbìmọ̀ ìlú bẹ́ẹ̀ ni a lè fi wé mẹ́rì lọ́dọ̀ tiwa. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni bíbójú tó ilé ìkàwé tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Ilé ìkàwé Kensal Rise ti pẹ́. Ní ọdún 1900 ni Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nígbà náà, wá ṣí i. All Souls College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Oxford, ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí, ṣùgbọ́n ó so àdéhùn mọ́ ọn: ní ọjọ́ tí a kò bá lò ó fún ìkàwé mọ́, kí ó padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àdéhùn yìí.

Láti ọdún 2010 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó tí ó ń fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kù. Ilé ìkàwé 12 ni Brent ní. Ní 2011 àwọn aláṣẹ rẹ̀ pinnu láti ti 6 nínú wọn pa, kí àwọn yòókù lè dára sí i. A kò lè pe ìrònú wọn ní ti òmùgọ̀, nítorí ilé àtijọ́ a máa jẹ owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣírò owó kò ṣírò ẹsẹ̀ ọmọdé. Ọmọ kékeré tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kàwé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí kò lè dá wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò mìíràn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lórí itan nítorí pé kò sí tábìlì, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ èyí fún yín.

Àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé owó ni ìṣòro, àwọn yóò yọ̀ǹda ara àwọn láti máa ṣí ilé náà, láti máa to ìwé, kí àwọn sì máa yá ènìyàn níwèé láìgba owó oṣù. Àwọn aláṣẹ kò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, àwọn gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé sì dá sí i, lára wọn Zadie Smith tí ó jẹ́ ọmọ Brent gan-an. Wọ́n pàdánù ní oṣù kẹwàá 2011, wọ́n tún pàdánù ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oṣù kejìlá. Láàárín àkókò yìí, àwọn olùyọ̀ǹda ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán àti ní òru, kí ẹnikẹ́ni má baà wá kó ìwé lọ.

Ní òru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù karùn-ún 2012, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Wọ́n kó ìwé, wọ́n kó ohun èlò, wọ́n sì yọ pátákó tí a fi ń rántí ọjọ́ tí Mark Twain ṣí ilé náà. Òfin wà lẹ́yìn wọn, a gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ kí a ṣe ní ọ̀sán gangan, kí ló dé tí a fi ń ṣe é lóru? Inú wa kò dùn sí èyí rárá.

Àwọn olùyọ̀ǹda kò lọ. Wọ́n fi pákó gbé ibi ìkàwé kékeré kan kalẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn tí a tì pa, wọ́n sì fi ìwé tí ènìyàn fi ta wọ́n lọ́rẹ kún inú rẹ̀. Bí òtútù Lọ́ńdọ̀n ti rí yẹn, wọ́n ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, wọ́n sì tún un tò.

Ó yẹ kí a sọ ìhà kejì náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí ń gba owó oṣù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn pé kí olùyọ̀ǹda gba ipò wọn, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, ó sì ní ìdílé tí ó ń bọ́. Olùyọ̀ǹda fúnra rẹ̀ kò ní ààbò. Ní oṣù kejìlá 2012, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì tí ń gba ará ìlú nímọ̀ràn. Ó ní wọ́n lé òun nítorí àìlera òun. Ilé ẹjọ́ dáhùn pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí àdéhùn iṣẹ́, òfin tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ kò kàn án. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ran ilé gbogboògbò lọ́wọ́, kí ó béèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ mi bí èmi àti ọ̀gá bá ṣe àìgbọ́ra-ẹni-yé? Kí ó sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ní Kensal Rise, ìwé àtijọ́ ni ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí Brent ti ìkàwé pa, ilé náà padà sọ́wọ́ All Souls gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ tà á fún oníṣòwò tí yóò sọ ọ́ di ilé gbígbé, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò sinmi títí wọ́n fi gbà pé kí a fi àyè kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìkàwé. Ìgbìmọ̀ ìlú kọ ètò ìkọ́lé àkọ́kọ́ ní 2013, ó gba òmíràn ní 2014. Ní 2019 ni ibi ìkàwé tún ṣí sílẹ̀. Ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tí ń gbé òkè ilé ni wọ́n gba ìyókù. Àwọn olùyọ̀ǹda ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.