Ìṣápá Pupa: Òdòdó Tó Lè Di Jáàmù, Tí Jáàmù Sì Lè Di Owó

Àwọn àgbà wa ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀rọ̀ yìí bá òwò ìṣápá mu pátápátá.

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojúmọ́ kò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ni ìṣápá máa ń yọ òdòdó. Ìdí nìyẹn tí oko gbogbo ènìyàn fi máa ń tó kórè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí Kérésìmesì tó dé, ìṣápá á ti kún ọjà. Apẹ̀rẹ̀ tí ẹ rò pé ẹ ó tà ní owó gidi, oníbàárà á dúró tì í, á ní, “Ìyá, owó yẹn ti pọ̀ jù, ẹ sì bá mi fi èènì sí i.” Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìṣápá ti rọ, ó ti ń dúdú. Ta ló wá jẹ gbèsè? Ẹni tó rù ú wá sọ́jà náà ni.

Àwọn tó ń sá a gbẹ fún sóbò ti rí ọ̀nà kan gbà. Ọ̀nà mìíràn tún wà, òun la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí: jáàmù. Ohun tí a sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ṣúgà tó pé, iná tó tó, ìgò tó mọ́: àwọn mẹ́ta yìí ló ń jẹ́ jáàmù. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú wọn nítorí kí ìnáwó lè dín kù, gbèsè ló ń wá, kì í ṣe èrè.

ÌṢÁPÁ WO NI À Ń WÍ?

Ìṣápá funfun ni àwọn ìyá wa ní Èkìtì àti ní Ìgbómìnà fi ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á da omi kíkan rẹ̀ nù, kí wọ́n tó fi sí ọbẹ̀. Ìṣápá pupa ni ti sóbò tí gbogbo wa ń mu. Ẹbí kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ti pupa ló dára fún jáàmù, nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti nítorí kíkan rẹ̀. Kíkan yẹn wúlò: ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí jáàmù tètè bàjẹ́.

Ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń là ní òwúrọ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ tó fi ń rọ. Èèpo pupa tó ṣẹ́kù sí ìdí òdòdó náà ni à ń jẹ, èyí tó ń wú, tó sì di kókó irúgbìn mọ́ inú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí òdòdó bá là ni ó máa ń tó já, nígbà tí èèpo náà ṣì le, tí irúgbìn inú rẹ̀ kò tíì gbó.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rò pé gbogbo òdòdó pupa tàbí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ni ènìyàn lè sè jẹ. Májèlé ni àwọn mìíràn tí wọ́n ń gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà. Ohun tí ẹ mọ̀ pé à ń jẹ láti ilẹ̀ wá ni kí ẹ fọwọ́ kàn.

KÌ Í ṢE OHUN TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ ṢE RÍ

Àwọn ará Bulgaria àti Tọ́kì ń fi òdòdó róòsì se jáàmù. Ìṣápá pupa tiwa yìí gan-an, àwọn ará Senegal àti Benin tí ń pè é ní bissap ń mu omi rẹ̀, wọ́n sì ń fi se jáàmù pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ méjì ló ń se jáàmù ìṣápá ní ọdún 1892, tí wọ́n ń kó o lọ tà ní Yúróòpù. Òwò àwọn ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé kò fi sílẹ̀. Títí di òní olónìí, wọ́n ń sè é ní ilé ìdáná wọn, wọ́n sì ń tà á ní ọjà àdúgbò. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn fún wa: ìkòkò kékeré tí à ń bójú tó lè pẹ́ ju ilé iṣẹ́ ńlá lọ.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Ẹ ṣa ìṣápá tó dára, ẹ yọ kókó inú rẹ̀ sí ọ̀tọ̀, ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣan èèpo náà dáadáa, torí iyanrìn àti èèrà a máa sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ má da kókó nù o! Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní pẹ́kítìn. Òun ló ń mú kí jáàmù dì, kó má máa ṣàn bí omi ọbẹ̀. Ẹ kó kókó náà sínú ìkòkò, ẹ bu omi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sè é títí tí yóò fi rọ̀, tí omi rẹ̀ yóò sì máa yọ̀ díẹ̀. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ìgbà yìí ni ẹ lè wá da kókó nù, kí ẹ tọ́jú omi rẹ̀.

Ẹ da èèpo pupa sínú omi yìí, kí ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ohun tí ẹ sè sórí ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ kílò kan, ṣúgà kílò kan ni ẹ ó dà sí i. Bó bá jẹ́ kílò méjì, ṣúgà kílò méjì ni. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n lè fi agolo kan náà wọn méjèèjì, agolo ìṣápá kan sí agolo ṣúgà kan.

Ẹ lo ìkòkò tánganran tí kò tíì ṣí lára, tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà. Kíkan ìṣápá a máa jẹ ara ìkòkò alumíníọ̀mù. Ẹ fi iná díẹ̀ sí i kí ṣúgà yọ́ tán, kí ẹ tó wá mú iná le. Ẹ máa rò ó, kó má jóná nídìí. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, torí jáàmù gbígbóná a máa ta, bó bá sì ba ara, lílẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe kún ìkòkò jù. Ìkòkò tó kún máa ń pẹ́ lórí iná, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, kò sì ní dì dáadáa.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná? Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ kan sínú fíríìjì tàbí sórí omi tútù. Ẹ kán jáàmù díẹ̀ sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ìka tì í. Bí ojú rẹ̀ bá hunjọ, ó ti dì. Bó bá ṣì ń sàn lọ, ó kù díẹ̀. Ẹni tó ní ohun tí a fi ń wọn ooru, kó wò ó títí yóò fi dé 105 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ṣé ṣúgà ò ti wá pọ̀ jù báyìí?” Kò pọ̀ jù. Ṣúgà kì í ṣe fún adùn nìkan. Ó ń di omi inú jáàmù mú, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba oúnjẹ jẹ́ má baà rí omi lò. Nínú jáàmù tó jinná dáadáa, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 65 nínú rẹ̀ ni ṣúgà. Ẹni tó bá fi ìdajì ṣúgà sè é tí ó sì gbé e sórí àtẹ, kò ní pẹ́ tí yóò fi bu, tàbí kí ó máa hó nínú ìgò.

ÌGÒ ATI ỌMỌRÍ

Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú omi gbígbóná yẹn ni kí ó wà títí ẹ ó fi lò ó. Ìgò tí a ti fi ta kẹrosíìnì tàbí oògùn rí kò dára fún oúnjẹ, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Kí ọmọrí jẹ́ tuntun, kí rọ́bà inú rẹ̀ pé. Ẹ bu jáàmù sínú ìgò nígbà tó ṣì gbóná gidigidi, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, ẹ nu ẹnu ìgò, kí ẹ dé e lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbé ìgò tí ẹ ti dé wọ inú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìgò kan bá bu lẹ́yìn ọ̀la, ẹ má ṣe ha ojú rẹ̀ kúrò kí ẹ tún tà á. Ẹ dà á nù. Ìgò kan ṣoṣo lè lé oníbàárà mẹ́wàá lọ.

ẸNI TÓ Ń ṢÒWÒ GBỌ́DỌ̀ ṢÍRÒ

Ìṣápá sísè kílò kan àti ṣúgà kílò kan kì í di jáàmù kílò méjì, nítorí omi ń gbẹ lọ lórí iná. Kílò kan àbọ̀ àti díẹ̀ ló máa ń kù. Bí ìgò yín bá ń gba 400 gíráàmù, ìgò mẹ́rin ni ẹ ó rí, kò sì dájú pé ẹ̀kẹrin á kún.

Ẹ kọ ìnáwó sílẹ̀ báyìí: owó ìṣápá (bó tilẹ̀ jẹ́ ti oko yín, ẹ kọ iye tí ẹ ìbá tà á), owó ṣúgà, owó ìgò àti ọmọrí, owó igi tàbí gáàsì, owó ọkọ̀, owó bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, àti owó iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Iye tí ìgò kan ná yín nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ iye yìí, kò mọ̀ bóyá ó jèrè tàbí ó ń jẹ owó òwò.

Ibi tí ẹgbẹ́ wúlò sí rèé. Àpò ṣúgà kan tó jẹ́ 50 kílò á ṣe nǹkan bí igba ìgò. Bí ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún bá da owó pọ̀ ra àpò ṣúgà, tí wọ́n sì ra ìgò ní páálí, kò lè wọ́n tó ti ẹni tó ń rà á ní ẹyọ ẹyọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí sáré wá yá owó ńlá lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ se ìgò mẹ́rin. Ẹ tọ́jú ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta kí ẹ wò ó bóyá ó yí padà. Ẹ fi àwọn yòókù tọ́ àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn olótẹ́ẹ̀lì àdúgbò wò. Jáàmù kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà ẹ mọ ẹni tí yóò rà á kí ẹ tó sè é.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti 1993 ni àjọ NAFDAC ti wà, oúnjẹ tí a ṣe sínú ìgò fún títà ní Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò. Ẹ má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé jáàmù yín ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kankan. Oúnjẹ ni, ṣúgà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn yòókù da owó pọ̀ ra ṣúgà àti ìgò, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Ọjà á tà o, ẹ ó jèrè.