Àìsàn Ọkàn tí í dé ṣáájú Nǹkan Oṣù Obìnrin

Àìsàn kan wà tí kì í fi ara hàn ní awọ ara, tí kì í mú ara gbóná, tí kò sì ní egbò tí a lè di, síbẹ̀ ó ti da ilé púpọ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ó ń bá jà kò mọ̀ pé àìsàn ni. Wọ́n rò pé ìwà búburú ni a bí mọ́ wọn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí a lè rí ní abúlé èyíkéyìí láti Adégbayì títí dé Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà. Ó ń yan gàrí, ó sì ń kó o lọ sí ọjà. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, ara rẹ̀ yá gágá, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwàdà nídìí ààrò, ó sì ń ka owó rẹ̀ láìṣì. Lẹ́yìn náà, láìsí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ a ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ọkọ rẹ̀ sọ a gún un bí ọ̀bẹ. A nà ọmọ nítorí abọ́ tí ó ṣubú, a sì wọ yàrá lọ sunkún. Kò lè sùn lóru, ní ọ̀sán ó dà bí ẹni tí a lù. Gàrí a jóná lójú agbada. Ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá a kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìkùukùu náà a ká kúrò. Ojú a wá máa tì í, a máa bẹ ọmọ, a máa bẹ ọkọ, a máa bẹ oníbàárà tí ó bú. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ohun kan náà ni.

Kí ni àwọn ènìyàn a máa wí? Ìyá ọkọ rẹ̀ a ní aya tí ọmọ òun fẹ́ kò ní sùúrù. Àwọn mìíràn a ní ọkọ ọ̀run ni ó ń bá a jà, tàbí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. A ó gbé e lọ síhìn-ín, a ó gbé e lọ sọ́hùn-ún, a ó ná owó; nígbà tí nǹkan oṣù bá sì dé, tí ara rẹ̀ wá rọlẹ̀, ẹni tí ó gba owó a ní òun ni òun wò ó sàn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀tàn náà fi ń pẹ́: àìsàn tí í lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù a máa sọ gbogbo ènìyàn di oníṣègùn.

Àwọn dókítà ń fi lẹ́tà mẹ́rin pe àìsàn yìí, èyíinì ni PMDD. Kí a lè mọ ohun tí ó fà á, ó yẹ kí a mọ bí ara obìnrin ti ń ṣe. Bí a bá ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ títí di ìgbà tí òmíràn yóò yọ, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 títí dé 35 kò burú. Ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tí ń bọ̀ tó dé, ẹyin kan a jáde láti inú ilé ẹyin. Láti ìgbà náà ni ara a máa pèsè omi ìránṣẹ́ kan tí a ń pè ní progesterone, kí ilé ọmọ lè wà ní ìmúrasílẹ̀ bí oyún bá dúró. Bí oyún kò bá dúró, omi náà àti ìkejì rẹ̀ tí í jẹ́ estrogen a lọ sílẹ̀, ilé ọmọ a sì da ohun tí ó ti tẹ́ sílẹ̀ nù. Hòmóònù ni a ń pè wọ́n. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá rìn, wọn kì í sì í dúró ní ilé ọmọ nìkan. Wọ́n ń dé ọpọlọ pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni í mọ̀ lára nígbà tí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmú a wú díẹ̀, ikùn a le, wọ́n a sì máa kanra fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí kì í ṣe àìsàn tí a ń wí. Nínú ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013, a là á sílẹ̀ pé ó kéré tán àmì márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ wà, kí ọ̀kan ó kéré tán nínú wọn sì jẹ́ ti ọkàn: kí inú máa yí padà lójijì, kí ìbínú tàbí ìjà pọ̀, kí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìnírètí wà, tàbí kí àyà máa já láìnídìí. Àwọn ìyókù ni àìbìkítà fún iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́, àìlèpọkànpọ̀, àárẹ̀, ebi tí kò ṣe é tẹ́ lọ́rùn tàbí àìlèjẹun, oorun àsùnjù tàbí àìsùn, kí ó máa ṣe ẹni bí ẹni pé ohun gbogbo ti borí ẹni, àti ìrora ara bí ọmú dídùn, orí fífọ́ àti ikùn wíwú. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú nǹkan oṣù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ilé yóò fi bàjẹ́ nítorí wọn.

Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni ìrònú ikú. Àwọn obìnrin tí àìsàn yìí ń ṣe a máa ro láti pa ara wọn ju àwọn obìnrin mìíràn lọ, àwọn kan a sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má ṣe pè é ní ìhàlẹ̀. Bí obìnrin bá wí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé òun ìbá sàn kí òun kú, kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwa àgbẹ̀ ní ohun kan láti ṣe pẹ̀lú: oògùn tí a ń fín sí kòkó àti ẹ̀wà kò yẹ kí ó wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, bí ó ti wà ní ilé púpọ̀. Kí a tì í mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìrònú náà a máa kọjá nígbà tí nǹkan oṣù bá dé, ṣùgbọ́n oògùn tí a ti gbé mì kò ṣe é pọ̀ padà bí omi.

Kì í ṣe àná ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1931, dókítà Robert Frank ní New York kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ara wọn kì í balẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú nǹkan oṣù. Ní 1953, Katharina Dalton àti Raymond Greene ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún kọ ti wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi rò pé hòmóònù àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù. Ní 1998, Peter Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda fi oògùn dá hòmóònù dúró lára àwọn obìnrin tí àrùn náà ń ṣe, ara púpọ̀ nínú wọn sì rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá hòmóònù náà padà fún wọn, ìrẹ̀wẹ̀sì náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn obìnrin tí ara wọn le, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Èyí fi hàn pé hòmóònù wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ọpọlọ wọn ni ó ń gbọ́ ìyípadà rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí oko méjì, ilẹ̀ ọ̀kan a fà á mu, ti èkejì a sì ya lulẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àìsàn náà sínú ìwé àwọn àrùn tí gbogbo ayé ń lò.

Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú a ti wádìí rẹ̀. Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin 410 ní yunifásítì Nàìjíríà kan léèrè, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2008: nǹkan bí 6 nínú 100 ni ó ní i. Ìwádìí mìíràn láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ó jáde ní 2010, rí 36 nínú 100. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé afẹ́fẹ́ Ìlọrin ni ó burú. Iye a máa ga níbi tí a bá ti bi ènìyàn léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa ohun tí ó rántí, a sì máa wálẹ̀ níbi tí a bá ti ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Oxford kó ìwádìí púpọ̀ jọ ní 2024, wọ́n sì rí i pé bí a bá fi àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ nìkan wọ̀n ọ́n, kò tó 2 nínú 100. Bí ó tilẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀, nínú ọjà tí igba obìnrin jókòó sí, mẹ́ta a lè wà níbẹ̀.

Nítorí náà ni àkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì, àlùmánákì tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí sì tó fún un. Kí obìnrin fi àmì àgbélébùú kékeré sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yọ àti gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà. Ní alaalẹ́, kí ó kọ nọ́ḿbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà: 0 bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, 1 bí ó bá dààmú díẹ̀, 2 bí ó bá dààmú gidi, 3 bí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tàbí bí ó bá bá ènìyàn jà. Kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, nítorí ìrántí a máa tan ni. Bí kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lè bá a kọ ọ́, tàbí kí ó máa ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo. Oṣù méjì ni kí ó ṣe é. Bí 2 àti 3 bá ṣù jọ ṣáájú àmì àgbélébùú, tí 0 sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí a ń wí nìyẹn. Bí 2 àti 3 bá tàn ká gbogbo oṣù, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀.

Kí ó mú ìwé náà lọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú aláìsàn tí ó wà nítòsí. Láti Adégbayì, ọ̀nà Ìfẹ̀ gbé e wọ ìlú Ìbàdàn. Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu, UCH tí a ṣí ní 1957 sì ní àwọn dókítà obìnrin aboyún àti àwọn dókítà ọkàn lábẹ́ òrùlé kan. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn kò túmọ̀ sí pé ènìyàn ya wèrè.

Ní ti ìtọ́jú, oorun tí ó tó, rírìn tàbí eré ìdárayá, àti dídín ọtí kù a máa ran àwọn tí tiwọn kò le púpọ̀ lọ́wọ́. A ń sọ ọ̀rọ̀ ọtí nítorí àgbo tí a rẹ sínú ògógóró, tí àwọn obìnrin kan ń mu fún inú rírun: ọtí náà a máa fa ọkàn wálẹ̀ sí i. Ní 1998, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn obìnrin tí ó lo kálíṣíọ̀mù 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta rí ìrọ̀rùn ju àwọn tí a fún ní oògùn asán lọ. Kálíṣíọ̀mù wà nínú wàrà, àti nínú ẹja kékeré tí a ń jẹ tegungun-tegungun.

Fún èyí tí ó le, oògùn tí ń tún serotonin ṣe nínú ọpọlọ ni a kọ́kọ́ ń lò, irú fluoxetine àti sertraline. Ìyanu rẹ̀ ni pé ní ìrẹ̀wẹ̀sì lásán ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí a máa ṣiṣẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń lò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú nǹkan oṣù nìkan. Ó lè mú èébì gbéni, ó sì lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù. Kò yẹ kí a rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn, nítorí ó lè dá wàhálà sílẹ̀ lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ a máa ru sókè jù nígbà mìíràn. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan tí ó ní drospirenone nínú a máa ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, àfi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti ṣe rí. Abẹ́rẹ́ tí ń dá ilé ẹyin dúró wà, iṣẹ́ abẹ sì wà fún àwọn díẹ̀ tí ohun gbogbo kò ràn lọ́wọ́. Bíbá olùdámọ̀ràn tí ó mọṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ ní àǹfààní pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí aya yín fi àmì rẹ̀ hàn yín lórí àlùmánákì, kí ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́, ti ilẹ̀ tàbí ti orogún sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ kì í tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe sọ gbogbo ẹjọ́ tí ó bá rò di àìsàn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò fún lówó oúnjẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú ní ọjọ́ èyíkéyìí nínú oṣù.

Àwọn kan a máa bèèrè bóyá oyún ń lé e lọ. Ní tòótọ́, kì í sábà dé nígbà oyún, nítorí ẹyin kì í jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan oṣù bá padà lẹ́yìn ìbímọ, òun náà lè padà. Ó lè le sí i ní àwọn ọdún tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ní nǹkan bí ọmọ 45. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró pátápátá, a dá pẹ̀lú rẹ̀.