Téèpù Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Kò kágò kó tó wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí íǹkì ta sí lápá òsì ló wọ̀, èyí tó máa ń wọ̀ ní Ṣómólú ní ọdún 1991. Ó ní kí n wọn òun fún bùbá àti ṣòkòtò. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn, mo gbé e lé èjìká rẹ̀, mo fẹ́ ka iye tó jẹ́, àmọ́ téèpù náà funfun báláú, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ náà funfun báláú. Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé n kò bi í léèrè ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Ìró bútà ló jí mi. Ọkọ mi ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé fún ìrun àsùbáà. Mo lajú sínú òkùnkùn, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ká bí ọwọ́ ẹni tó mú téèpù dání, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo wá rántí ilé tí mo wà àti ọjọ́ orí mi ni omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ irú àlá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í dẹ́rù bani. Lójú oorun, oyin ni. Ìgbà tí a bá jí ni oyin náà tó ń tani.

Atẹ̀wé ni n ó máa pe ọkùnrin inú àlá náà níbí. Èmi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ṣómólú, l'Ékòó, nígbà náà, òun ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ojúlé kẹta sí ti ọ̀gá mi. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìlú àwọn atẹ̀wé ni. Ẹ̀rọ Kord tí wọ́n ṣe ní Jámánì ni ọ̀gá tirẹ̀ ń lò, láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń dún gbì-gbì-gbì. Ní 1993, Atẹ̀wé tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Jámánì náà gan-an. Lẹ́tà mẹ́rin ló kọ sí mi. Ìkarùn-ún ni mo ṣì ń retí nígbà tí mo pàdé bàbá àwọn ìbejì mi. N kò kábàámọ̀ ọkọ tí mo fẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tí àlá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yìí fi dà mí láàmú. Kí ni mo tún ń wá?

Mo dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tẹ́ léèsì oníbàárà kan sórí tábìlì, mo sì ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi wà ní Ìtòkú, ọkàn mi wà ní Ṣómólú. Apá òsì méjì ni mo gé, kò sí ọ̀tún. Owó ara mi ni mo fi ra yáàdì méjì rọ́pò rẹ̀.

Mo sọ fún màmá kan ní ìjọ wa. Wọ́n ní ọkọ ọ̀run ni, kí n fi òru méje gbàdúrà, kí n má fojú kan oorun kó tó di aago mẹ́rin. Mo ṣe é. Ní òru kẹjọ tí mo wá sùn, àlá ya bò mí bí odò Ògùn lásìkò òjò. Ṣómólú, Atẹ̀wé, ọ̀gá mi tó ti kú, gbogbo wọn péjọ.

Kẹ́hìndé mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló là mí lóye. Ó ní, "Màmá, àdúrà kọ́ ló fà á o, àìsùn ni." Láti ìgbà náà ni èmi fúnra mi ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa oorun.

Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago, ní Amẹ́ríkà, kọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn tó ń sùn jáde. Ní àwọn àkókò kan lóru, ẹyinjú ẹni tó ń sùn á máa sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí wọ́n bá jí i lásìkò náà, ó sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Oorun alẹ́ máa ń yí po, ìyípo kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, oorun àlá yìí ló sì máa ń gbẹ̀yìn ìyípo. Níbẹ̀rẹ̀ òru, kì í pẹ́ lọ títí. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀ ló ń gùn sí i. Ìdí nìyẹn tí àlá tó dùn jù fi máa ń bọ́ sí ìdájí, tí ìró bútà tàbí ohùn ládàánì á sì gé e láàárín. Àlá tí a jí láti àárín rẹ̀ ló rọrùn jù láti rántí. Tí a bá wá fi irú oorun yìí du ènìyàn, William Dement fi hàn ní 1960 pé ní òru tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ńṣe ni àlá á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbèsè òru méje ni mo san lóru kan.

Lásìkò oorun àlá, ara máa ń rọ jọwọrọ kí a má baà dìde ṣe ohun tí a ń lá. Apá ọpọlọ tí ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ń gbé á máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan, àmọ́ ti iwájú orí, tó máa ń bi ni pé "ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?", á ti rọwọ́. N kò ṣe bi Atẹ̀wé bó ṣe ti Jámánì dé Ìtòkú nìyẹn. Ayọ̀ tí mo yọ̀, mo yọ̀ ọ́ lóòótọ́. Òun gan-an ni kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní ń gbé. Mo ti máa ń rò pé ohun tí ẹnu ajá kò lè rọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo wá rí i pé inú ajá náà ni gbogbo ẹrù àlá ọ̀hún ti wá. Ṣẹ́ẹ̀tì, íǹkì, ẹ̀rín, ilé mi ni mo ti kó wọn jáde.

Ká ní mo tètè mọ̀ ni, n kì bá tí gbé àlá mi lọ sílé onílé. Ìdájí ọjọ́ kan, kí n tó bọ́jú, mo wá orúkọ rẹ̀ lórí Facebook. Mo rí i: bàbá kan tó ti pá, tó wọ kóòtù tó nípọn, ọmọ-ọmọ lápá, yìnyín lẹ́yìn. Mo wò ó títí, n kò rí ẹni tó wá wọn aṣọ. Mo tẹ "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo tún un kà. Ìwọ ni mo máa ń pè é ní Ṣómólú, n kò pè é ní ẹ̀yin rí. Ọwọ́ mi ti mọ ohun tí ọkàn mi kò tíì gbà. Mo pa á rẹ́.

Mo wá pinnu pé n kò ní rò ó mọ́ kí n tó sùn. Èyí tún burú jù. Ní 2004, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan yan ẹnì kan tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 5 kọ èrò ọkàn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má ro ẹni náà ló lálàá rẹ̀ jù. Ohun tí a bá lé jáde lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé.

Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni ti Rosalind Cartwright, tó tẹ̀lé àlá àwọn tí ìgbéyàwó wọn tú ní Chicago. Lára àwọn tí ìbànújẹ́ dorí wọn kodò, àwọn tó ń lálàá ọkọ tàbí aya àtijọ́ lásìkò ìtúká náà ni ara wọn sábà máa ń yá tí ọdún bá fi yípo. Egbò tó bá ń jinná máa ń yunni.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Inú pálọ̀ ni fóònù mi ń sùn. Bí mo bá jí, mo máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, n kì í lé àlá náà, n kì í sì í dì í mú. Mo máa ń dárúkọ ohun tó wà lára mi: àárò nìyí, ìtìjú díẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn náà, mo máa ń kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ọdún bá ká mi mọ́, Iléyá tàbí Kérésì, ni Atẹ̀wé máa ń yọjú jù. Nínú púpọ̀ lára àwọn àlá náà, ọmọ iṣẹ́ ni mo jẹ́, kò sẹ́ni tó ń dúró de aṣọ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ìsinmi ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì kó tó di aago mẹ́wàá. Bọ́tìnnì ni mo máa ń rán, tàbí kí n máa ṣẹ́ etí aṣọ.

Àlá mìíràn wà tó kọjá bọ́tìnnì rírán. Bí ẹni tó ń wá bá jẹ́ ẹni tó máa ń lù yín, bí oorun bá ti ń bà yín lẹ́rù, tàbí tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ àti iṣẹ́ kò wù yín mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Orúkọ Aró ni àwọn ará ìlú wa fi ń bú ara wọn, àmọ́ ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1954, lábẹ́ Dókítà Adéoyè Lambo, àwọn aláìsàn máa ń gbé láàárín ará abúlé tó yí i ká nígbà náà, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà. Ìbànújẹ́ àti àìsùn náà jẹ́ ara iṣẹ́ wọn.

Mo padà sọ fún ọkọ mi. N kò ní kí gbogbo ìyàwó lọ rọ́ irú àlá yìí fún ọkọ o, olúkúlùkù ló mọ ẹni tó fẹ́. Ó ti gbọ́ ẹ̀rín mi lójú oorun ni. "Ìyá Ìbejì, kí ló dùn tó báyìí?" Mo rọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé ó sanwó iṣẹ́?"

"Kò san kọ́bọ̀."

"Ṣé ó wá gba aṣọ?"

"Rárá."

"Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ." Ó gbé bútà rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Òótọ́ ló sọ. Kò sí télọ̀ tí kò ní aṣọ tí wọn kò wá gbà. Dàńṣíkí kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi láti 2011. N kò lè wọ̀ ọ́, n kò sì lè tà á. Bí ọdún bá ti ń bọ̀, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, mo máa ń gbọn eruku rẹ̀, mo sì máa ń wo bí mo ṣe rán ọrùn rẹ̀ nígbà tí ojú mi ṣì mú. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dá a padà sórí ìṣó, kí n tó pe ẹni tó jókòó dè mí wọlé wá wọn aṣọ.