Ohun Tí Ń Pa Òǹwòran Lẹ́kún Nínú Sinimá Yorùbá

Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀nà tí sinimá Yorùbá ń gbà mú òǹwòran sunkún, rẹ́rìn-ín, tàbí kí ẹ̀rù bà á wò. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ipa tí eré kan ní lára rẹ̀, èsì tí a sábà máa ń rí gbà ni pé, 'Eré náà dùn, ó sì bà mí nínú jẹ́.' Máàkì mélòó ni ó tọ́ sí irú èsì bẹ́ẹ̀? Èrò tiwa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tíì dáhùn ìbéèrè, àfi bí ó bá lè tọ́ka sí ohun tí ó bà á nínú jẹ́ nínú eré náà. Òǹwòran kúkú mọ̀ pé òṣèré tí ó kú nínú àwòrán kò kú. Kí ló wá ń pa á lẹ́kún?

1. Ìmọ̀ tí a fún òǹwòran

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú òṣèré ni ẹkún ti ń ran òǹwòran. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, aṣesinimá ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, to àwòrán ojú òṣèré kan ṣoṣo mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀, ó tò ó mọ́ ti òkú nínú pósí, ó sì tò ó mọ́ ti obìnrin kan. Ojú kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran rí ebi, ìbànújẹ́ àti ìfẹ́ lójú ọ̀gbẹ́ni náà. Ohun tí wọ́n wò mọ́ ojú náà ni ó sọ ohun tí wọn yóò rí níbẹ̀ fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú Ti Olúwa Nilẹ̀, tí Túndé Kèlání darí ní 1993. Àwọn mẹ́ta lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà. Nígbà tí ẹni kìíní kú, tí ẹnì kejì tẹ̀ lé e, òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kàn ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Ọ̀tún, tí Kareem Adépọ̀jù (Bàbá Wándé) ṣe, tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, àyà wa a máa já nítorí rẹ̀.

Ẹ tún wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí Bánkọ́lé Bello sọ di sinimá ní 1981. Oyún jẹ́ ohun ayọ̀ láwùjọ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti mọ òfin Ẹfúnṣetán pé ẹrú òun kò gbọdọ̀ lóyún, oyún Adétutù di ohun ẹ̀rù. Bí a bá sì rántí pé ọmọ Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, àánú a dàpọ̀ mọ́ ìbínú tí a ń bá a bí.

2. Ìlù àti èdè

Nínú Saworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Kèlání sì darí, ọba Jógbò tí kò bá ṣe ètùtù ìmùlẹ̀ kò gbọdọ̀ dé adé níbi tí ìlù saworoidẹ bá ti ń dún; orí fífọ́ ni yóò pa á. Nígbà tí Lágàtà, ológun tí ó fi ipá gorí ìtẹ́, bá gbọ́ ìlù náà, inú òǹwòran ti dùn kí Lágàtà tó mọ ohun tí ó dé bá òun.

Ní Àgbàdo, lágbègbè Alímọ̀ṣọ́, níbi tí a ti ń kọ́ni, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ àwòrán ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà. Ìyá àgbà tí ó bá wọn jókòó a máa mi orí sí ohun tí ìlù wí. Ọmọ a máa dúró de ìtumọ̀. Ìtumọ̀ lè gbé ohun tí ẹnu sọ, ṣùgbọ́n kì í sábà gbé ohun tí ìlù sọ. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀lára fún un pẹ̀lú.

3. Ìrírí òǹwòran

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni ìjọba ológun kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó wo Saworoidẹ lọ́dún náà kò ro ti Jógbò nìkan. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà lè fi Lágàtà ṣe ẹ̀rín lásán, kì í sì í ṣe àìgbọ́n ni; a kò tíì pa ìtàn náà fún un ni. Ó Le Kú (1997) ńkọ́? Ó rán àwọn àgbà létí ìgbà èwe wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì sáré lọ bá télọ̀ kí ó rán ìró àti bùbá kúkúrú tí a ń pè ní Olékú fún wọn.

4. Iṣẹ́ olùkọ́ àti olùdánwò

Àwọn kan lára wa lè sọ pé a kò lè fi ìmọ̀lára ṣèdánwò. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ohun tí ó fà á ṣèdánwò. A dá a lábàá pé kí a máa bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta:

(a) Kí ni òǹwòran mọ̀ níbi tí a wà yìí tí ẹ̀dá-ìtàn kò mọ̀?
(b) Orin, ìlù, òwe tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wo ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ wo ni ó sì ṣe?
(d) Kí ni ó wà nínú ìrírí òǹwòran tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé òun kò sunkún rárá, tí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láti inú eré náà, yẹ kó gba máàkì ju ẹni tí ó ní òun sunkún títí tí kò sì sọ ìdí.

Ìkádìí

Sinimá ti wà nínú fóònù àwọn ọmọ wa. Wọn yóò máa sunkún, wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín, yálà a kọ́ wọn tàbí a kò kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó pa òun lẹ́kún ni ó lè sọ bóyá eré náà yẹ fún omijé òun.