p53, Ọlọ́dẹ Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ẹni tó bá kọ ọkọ̀ níbi tó yẹ kó kọ ọkọ́ ti sọ irinṣẹ́ àgbẹ̀ di mọ́tò. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ ohun tí irú àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà sì kan Akpassi, ní Bantè, níbi tí àgbàdo àti ẹ̀pà ti jẹ́ ara oúnjẹ wa.

Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti T, ni a fi kọ àbùdá wa. Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń kà wọ́n, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń pe ègé kan lára purotéènì. (Ẹ má pè é ní sílébù o: sílébù lásán kì í sábà ní ìtumọ̀.) Ègé 393 ló wà lára purotéènì tí wọ́n ń pè ní p53. Ọdún 1979 ni wọ́n rí i, wọ́n sì kọ́kọ́ kà á mọ́ àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ. Ó di 1989 kí wọ́n tó mọ̀ pé òun gan-an ni ọlọ́dẹ. Bí àbùdá sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, p53 á dá a dúró kó má pín sí méjì títí àtúnṣe yóò fi wáyé. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, á ní kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. Nínú bí ìdajì jẹjẹrẹ ènìyàn, ọlọ́dẹ yìí ti bàjẹ́.

Ọ̀kan lára ohun tó ń bà á jẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ ni aflatoxin, májèlé inú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu. Ní ipò 249, ó ń sọ AGG di AGT, ègé mìíràn á sì wọ ibẹ̀. Ní 1991, ikọ̀ olùwádìí méjì kéde àṣìṣe kan náà yìí lára àwọn aláìsàn ní Ṣáínà àti ní gúúsù Áfíríkà. Wọ́n tún rí i ní Gámbíà lẹ́yìn náà. Àrùn mẹ́dọ̀wú B máa ń mú ewu náà pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 wò ní abúlé 16 ní Benin àti Tógò: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ló ní àmì májèlé náà lẹ́jẹ̀ẹ́.

Ṣé a kò wá lè dá ọlọ́dẹ padà sẹ́nu iṣẹ́? Gbígbé p53 mì kò ràn án. Á dà nínú ikùn bí ẹran tí a jẹ. Ní 2003, Ṣáínà fọwọ́ sí Gendicine: fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbé àbùdá p53 tó pé, wọ́n sì ń gún un sínú kókó jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í dé inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì tún máa pín. Ọ̀nà kejì ni oògùn tó ń tún p53 tó ti wọ́ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, APR-246, kò yege nínú ìdánwò ńlá kan ní 2020. Èmi gbà pé wọ́n á rí i ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ẹ̀dọ̀ ní Akpassi.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B fún ọmọ tuntun, àti àgbàdo tí a sá lórí tapólì títí ó fi gbẹ dáadáa kí a tó kó o pamọ́. Ẹ ṣa èyí tó bu sọnù, ẹ má sè é: iná kì í pa májèlé náà tán.